Ipò Opó Nínú Ìwé Owó Orí Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ ìlú wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà

 Ẹ̀yin ará ilé náà óò ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ọdọọdún wa. Mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ẹ óò rí i kí n tó parí pé ó kan ẹ̀yin náà.

Nígbà tí akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó orí, mo rò pé ọ̀rọ̀ òwò àti ti ilé rírà ni ó ní lọ́kàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sọ ti opó. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ẹnìkan bá kú láàrin wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ wa mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ilé ọlọ́fọ̀ ti kún, oúnjẹ ti dé, a ti yan àwọn tí yóò gba owó ìrànlọ́wọ́ jọ, a sì ti ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ bóyá níhìn-ín ni a ó sin òkú tàbí nílé. Nínú èyí, kò sí ẹni tí ó lè bú wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, nígbà tí olúkúlùkù bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, a ó fi opó sílẹ̀ nídìí tábìlì pẹ̀lú òkìtì ìwé tí ó ní orúkọ ọkọ rẹ̀ lára, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí yóò jókòó tì í.

Arábìnrin kan ń bẹ láàrin wa tí ó fún mi láyè kí n sọ ìtàn rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì tí wọ́n ṣì ń lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ọdún ikú náà, ó kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tí í máa ń bá ènìyàn kọ ìwé owó orí. Ẹni náà bi í pé, "Ṣé ẹ ní ọkọ?" Ó dáhùn pé, "Ọkọ mi ti kú." Ìbéèrè kò ju èyí lọ. Ọkùnrin náà fi àmì sí àpótí adáwà, arábìnrin wa sì fọwọ́ sí ìwé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ọdún kejì. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, omi bọ́ lójú òun, ṣùgbọ́n òun gbà pé òótọ́ ni. Àbí ta ni ó tún dá wà ju opó lọ? Lójú òfin, kì í ṣe òótọ́. Ní ọdún méjèèjì wọ̀nyí òfin kò kà á sí adáwà, owó tí ó sì san láìyẹ kì í ṣe kékeré.

Kò yà mí lẹ́nu pé ó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a ti tọ́ wa dàgbà nìyẹn. Ẹ wo orúkọ tí àwa ń pè é: owó orí. Orí ènìyàn ni a ń kà. Bàbá san ti orí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bu owó orí fún obìnrin ní Abẹ́òkúta, obìnrin san ti orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti san tirẹ̀. Owó orí obìnrin yìí wà lára ohun tí ó mú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde ní 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe aṣáájú wọn, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní 1949. Títí di òní, ní Nàìjíríà, olúkúlùkù ni ó ń jẹ́jọ́ owó orí tirẹ̀. Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò sì jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́dọ̀ tiwọn láti 1990. Nítorí náà, bí orí kan bá wọlẹ̀ lọ, àwa a máa gbà pé owó orí rẹ̀ ti bá a lọ, àti pé láti ọjọ́ náà ni ẹni tí ó kù ti di ẹni tí ń dá nìkan jẹ́jọ́.

Amẹ́ríkà kò kà á bẹ́ẹ̀. Ní 1948 ni òfin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó ọkọ àti aya tí wọ́n bá kọ ìwé pọ̀ bí ẹni pé wọ́n pín in dọ́gba, kí ẹrù má baà wọ ẹnìkan lọ́rùn. Lójú òfin yìí, ilé ni a ń kà. Nígbà tí wọ́n sì tún ìwé òfin owó orí kọ ní 1954, wọ́n fi kún un pé bí ọkọ tàbí aya bá kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ilé kò kú lójijì pẹ̀lú rẹ̀. Owó ilé kò dín, ebi kò dẹ́kun láti pa ọmọ. Wọ́n fi ọdún méjì lé e fún ẹni tí ó kù. Òfin yìí ni arábìnrin wa kò mọ̀, òun náà ni ẹni tí ó bá a kọ ìwé kò bi í léèrè.

Lórí fọ́ọ̀mù 1040, ní apá òkè, lábẹ́ orúkọ, àwọn àpótí kékeré kan wà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a sì lè fi àmì sí. Ipò márùn-ún ni wọ́n dúró fún. Adáwà ni èkínní. Èkejì ni ti tọkọtaya tí wọ́n kọ ìwé pọ̀, ẹ̀kẹta ni ti tọkọtaya tí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹrin ni olórí ilé, ìyẹn ẹni tí kò ní ẹnìkejì, ṣùgbọ́n tí ó ń gbọ́ bùkátà ọmọ tàbí ẹbí nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí mo tìtorí rẹ̀ dìde lónìí. Láti ìwé ọdún 2022 ni orúkọ rẹ̀ ti di Qualifying Surviving Spouse. Orúkọ náà gùn, nítorí náà opó ọlọ́mọ ni n óò máa pè é. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe rò pé mo ti yọ yín kúrò. Bí òfin náà ti rí fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ni ó rí fún ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí ikú wáyé gan-an. Bí ọkọ tàbí aya ẹni bá kú ní ọjọ́ kan nínú ọdún, tí ẹni tí ó kù kò sì fẹ́ ẹlòmíràn kí ọdún náà tó parí, tọkọtaya ni òfin kà wọ́n sí fún odidi ọdún. Ìbáà ṣe ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ni ó kú, odidi ọdún ni. Kò sí ìbéèrè ọmọ nínú èyí. Ẹni tí ó bí àti ẹni tí kò bí, ọ̀dọ́ àti arúgbó, ọ̀kan náà ni wọ́n. A ó kọ owó tí olóògbé gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, a ó kọ ti ẹni tí ó kù fún odidi ọdún, a ó sì yọ owó àyọsílẹ̀ ti ẹni méjì kúrò láìdín kọ́bọ̀. Owó àyọsílẹ̀ ni mo pe iye tí ìjọba fi sílẹ̀ fún olúkúlùkù tí kò gba owó orí kankan lórí rẹ̀. Fún ọdún 2025, ó jẹ́ 31,500 dọ́là fún tọkọtaya tí wọ́n kọ ìwé pọ̀, ó sì jẹ́ 15,750 fún adáwà.

Ní òkè ìwé ọdún náà a ó fi hàn pé olóògbé ti kú, àti ọjọ́ tí ó kú. Nípa ti ìfọwọ́sí, mo ti rí ẹni tí ó jókòó tí ó ń fara balẹ̀ ya ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú sórí ìwé, pé bí ó ti máa ń kọ ọ́ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò. Bí ilé-ẹjọ́ kò bá tí ì yan alábòójútó ogún, ẹ fọwọ́ sí tiyín, kí ẹ sì kọ Filing as surviving spouse sí àyè tirẹ̀. Ohun tí òfin béèrè nìyẹn. Bí alábòójútó bá ti wà, òun ni yóò fọwọ́ sí i dípò olóògbé. Fọ́ọ̀mù 1310 tí àwọn ènìyàn fi ń dẹ́rù ba opó, tí ó wà fún gbígba owó tí ìjọba fẹ́ dá padà fún òkú, kò kan ọkọ tàbí aya tí ó bá kọ ìwé pọ̀ pẹ̀lú olóògbé.

Ọdún méjì tí ó tẹ̀lé e ni ti opó ọlọ́mọ. Bí ọkọ bá kú ní 2024, ìwé ọdún 2024 jẹ́ ti tọkọtaya tí wọ́n kọ pọ̀. Ìwé 2025 àti ti 2026 jẹ́ ti opó ọlọ́mọ. Láti 2027, bí ọmọ bá ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó di olórí ilé. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọdún wọ̀nyí tí ó jẹ́ adáwà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ mú obìnrin kan tí owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 70,000 dọ́là ní ọdún 2025, tí kò ní owó mìíràn, tí ó sì ní ọmọ nílé. Gẹ́gẹ́ bí opó ọlọ́mọ, 31,500 kan náà tí a fún tọkọtaya ni a ó yọ fún un, a ó sì fi ìwọ̀n tọkọtaya ṣírò ìyókù. Owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 4,140 dọ́là. Bí ó bá kọ ara rẹ̀ sí olórí ilé, tí owó àyọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 23,625, yóò san nǹkan bí 5,220. Bí ó bá kọ ara rẹ̀ sí adáwà, yóò san nǹkan bí 6,850. Èyí jẹ́ kí a tó yọ ẹ̀bùn owó orí tí ó jẹ́ ti ọmọ. Obìnrin kan náà ni, iṣẹ́ kan náà, ọmọ kan náà. Àmì kan tí a fi sí àpótí tí kò yẹ gba 2,700 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kan. Bí ó bá sì ṣe é fún ọdún méjì, ẹ̀yin náà lè ka ìyókù.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní ohun tí ó ń béèrè. Ó béèrè pé ní ọdún ikú náà, kí ẹni tí ó kù ti ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé pọ̀ pẹ̀lú olóògbé, ìbáà kọ ọ́ pọ̀ tàbí kò kọ ọ́ pọ̀. Ó béèrè pé kí ó má tí ì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó béèrè pé kí òun fúnra rẹ̀ san ju ìdajì owó tí ilé ń ná lọ: owó ilé, iná, omi, àtúnṣe, oúnjẹ tí a jẹ nínú ilé. Owó aṣọ, owó ilé-ìwé àti ti dókítà kò sí nínú èyí. Nítorí náà, bí àbúrò ọkọ bá gba owó ilé san pátápátá nítorí àánú, kí ẹ jókòó ṣírò rẹ̀, kí àánú má lọ gba ipò náà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ sì pa ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san mọ́.

Ó tún béèrè ọmọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ará ilé.

Òfin sọ pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú opó ní gbogbo ọdún. Ẹ wo ohun tí í máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa. Òkú kò tí ì pé ogójì ọjọ́, ìpàdé ẹbí ti jókòó nílé, ẹ̀gbọ́n àgbà ti pe opó lórí tẹlifóònù pé, "Ìyàwó wa, ìyà yìí yóò pọ̀ jù fún ọ. Kó àwọn ọmọ wá sílé sọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà, kí ìwọ lè ráyè ṣiṣẹ́." Ìfẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síhìn-ín, n kò sì ní bú ọwọ́ tí ó tọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti lọ tẹ̀dó sọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí ó jẹ́ pé owó nìkan ni ìyá ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe ọmọ inú ilé rẹ̀ mọ́ lójú òfin yìí. Ipò opó ọlọ́mọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti olórí ilé sì lè bá a lọ. Ọmọ tí ó lọ lo ìsinmi nílé, tàbí tí ó wà ní ilé ìwòsàn, tàbí tí ó lọ sí ilé-ìwé tí yóò sì padà, kò kúrò nílé. Àìsí-ńlé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láàrin méjèèjì, àlà náà tẹ́ẹ́rẹ́, àgàgà fún ọmọ tí a mú lọ sí ilé-ìwé nílé. Ẹni tí ó bá wà nínú irú rẹ̀, kí ó bi onímọ̀ kí ó tó fi àmì sí àpótí kankan.

N kò sọ pé kí a má ṣe mú ọmọ lọ sílé. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin àgbà ilé, ni pé kí ìpàdé ẹbí mọ iye tí ìmọ̀ràn náà yóò ná opó, kí ẹ sì bi í léèrè kí ẹ tó pinnu fún un. Nípa ti ọmọ tí a bí nílé, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì tí ì dé Amẹ́ríkà láti gbé, a kò lè kà á sínú ìwé owó orí rárá, bí ó ti wù kí owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí i pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tún mú ohun mìíràn wá. Àwa Yorùbá kì í sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe ọmọ wa. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ó wò ó lójú. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ láìtijú. Fún ipò opó ọlọ́mọ, ọmọ tí a bí, tàbí tí a gbà ṣe ọmọ nílé-ẹjọ́, tàbí tí ọkọ tàbí aya wa bí kí ó tó fẹ́ wa, nìkan ni ó kà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a mú wá tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa lè sọ wá di olórí ilé, kò lè sọ wá di opó ọlọ́mọ.

Nípa ti ìgbéyàwó mìíràn, n óò sọ ìwọ̀nba. Bí opó bá fẹ́ ọkọ mìíràn ní ọ̀nà tí òfin mọ̀ kí ọdún ikú náà tó parí, kò lè kọ ìwé pọ̀ pẹ̀lú olóògbé mọ́. Ọkọ tuntun ni yóò bá kọ ọ́, a ó sì kọ ti olóògbé lọ́tọ̀. Bí ó bá ṣe é ní èyíkéyìí nínú ọdún méjì tí ó tẹ̀lé e, ipò opó ọlọ́mọ parí ní ọdún náà. Àwọn ẹbí tí ó ṣì ń sọ pé kí àbúrò ọkọ ṣú opó, kí wọ́n rò ó dáradára, nítorí owó orí àti nítorí ohun tí ó ju owó orí lọ. Òfin níhìn-ín kò sì mọ̀ ju aya kan lọ. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nílé, kí ó wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láàyè.

Nísinsìnyí mo fẹ́ kìlọ̀ lórí ìwé àjọkọ tí mo ti ń yìn láti ìgbà tí mo ti dìde. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i ti gba gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sọ́rùn, tirẹ̀ àti ti olóògbé. Bí ọkọ bá ti ń fi ọkọ̀ gbé èrò tí kò kọ owó rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ó ní òwò kan tí ìwé rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, IRS lè béèrè gbogbo gbèsè ọdún náà lọ́wọ́ aya tí ó kù. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ìdáǹdè wà fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe, fọ́ọ̀mù 8857 ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn, ó sì ń béèrè ẹ̀rí. Ẹni tí àwọn ìwé ọkọ rẹ̀ kò bá dá lójú lè kọ ti ọdún ikú náà lọ́tọ̀, bí owó tí yóò san tilẹ̀ ga díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé òfin fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un láti yí i padà: ẹni tí ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ lè padà wá sọ ọ́ di àjọkọ láàrin ọdún mẹ́ta sí ọjọ́ tí ó yẹ kí ìwé náà wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọ ọ́ pọ̀ kò lè padà sọ ọ́ di ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Alábòójútó ogún nìkan ni ó lè ṣe é dípò olóògbé, láàrin ọdún kan. Kíkọ ọ́ lọ́tọ̀ kò sì gba ọdún méjì opó ọlọ́mọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún ẹni tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ wà nílé tí kò tí ì dé Amẹ́ríkà rí kí ó tó kú, ọ̀rọ̀ náà díjú. Kí irú wọn tó lè kọ ìwé pọ̀, àwọn méjèèjì ní láti gbà pé kí owó tí wọ́n rí níbikíbi ní ayé wọ inú ìwé náà. Ẹ má ṣe dá a ṣe.

Ẹ̀yin àgbà wa tí àwọn ọmọ yín ti dàgbà tí wọ́n ti lọ, n kò ní ìròyìn ayọ̀ púpọ̀ fún yín. Lẹ́yìn ọdún ikú, adáwà ni ìwé yóò pè yín láti ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún ikú náà kọjá láìjẹ́ pé ẹ bá ẹni tí ó mọ̀ jókòó, nítorí ọdún ìkẹyìn tí òfin yóò ṣírò fún ẹni méjì nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ilé tí ó bá olóògbé gbé, kí ó mọ̀ pé láàrin ọdún méjì sí ọjọ́ ikú gan-an, bí kò bá tí ì fẹ́ ẹlòmíràn tí ohun gbogbo sì pé gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, èrè tí ó tó 500,000 dọ́là ni wọn kò ní gba owó orí lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí 250,000. Ẹ ṣọ́ra, ọjọ́ ikú ni a ti ń ka èyí, kì í ṣe ìparí ọdún bí ti àwọn tí mo ti ń sọ bọ̀.

Àwọn ohun kékeré kan kù. Owó tí ẹgbẹ́ dá fún ọlọ́fọ̀, ẹ̀bùn ni, a kì í kọ ọ́ sínú ìwé owó orí. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìdánilójú ẹ̀mí tí a san nítorí ikú, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Níbi iṣẹ́, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù W-4 tuntun, nítorí bí ipò yín bá yí padà tí ẹ kò sọ, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yóò kéré jù, ẹ óò sì rí gbèsè ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Bí ẹnìkan bá kú nígbà tí ó lọ sílé, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà kí ẹ tó padà, nítorí pé gbígba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè jẹ́ wàhálà tí n kò fẹ́ fún ọ̀tá mi.

Mo padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa. Òfin fún ènìyàn ní ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí ó fi ìwé sílẹ̀ láti tún un kọ kí ó sì gba owó tí ó san láìyẹ, fọ́ọ̀mù 1040-X ni a fi ń ṣe é. Nígbà tí ó bá mi sọ̀rọ̀, ọdún méjèèjì ṣì wà láàrin àkókò náà. A tún wọn kọ. Ó pẹ́ kí owó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, ó sì fi san owó ilé-ìwé àkọ́bí rẹ̀. Mo mọ àwọn méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ yìí tí ọkọ wọn kú ṣáájú tirẹ̀, tí wọ́n fi àmì sí àpótí kan náà, tí ọdún mẹ́ta wọn sì ti kọjá. N kò ní ohun tí mo lè ṣe fún wọn. Àwọn náà wà nínú yàrá yìí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní orúkọ gbogbo wa.

Alága, mo ní àbá kan kí n tó jókòó. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti lọ bá ọlọ́fọ̀ ní oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, kí wọ́n bá a to ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì bá a lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò kọ ọ́. Bí kò bá sí owó, àwọn olùyọ̀ǹda VITA ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé àti ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Kò ní ná ẹgbẹ́ ju owó epo ọkọ̀ lọ.

Mo ti kó fọ́ọ̀mù díẹ̀ wá, wọ́n wà lórí tábìlì tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. N óò wà níbẹ̀ títí a ó fi jẹun tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́, kí ó sọ fún mi, a ó lọ sínú ọkọ̀ mi.